Olùdarí Kò Ṣubú, Ó Sọ̀kalẹ̀ Ni

Kí á tó dé orí ohun tó gbé ọkùnrin yìí ṣánlẹ̀, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín bí ó ṣe ga tó. Kò ga. Bí ó bá dúró láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó wá a bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́, nítorí ní ọkàn ara rẹ̀, igi ìrókò ni.

Òun ni olùdarí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi igi ṣe àga. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ohun tí wọ́n kọ sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀ ni "Olùdarí". Kò pẹ́ tó fi sọ ọ́ di "Olùdarí Àgbà". Ó wò ó títí, ó ní kò tíì tó. Olùdarí àgbà lè wà ní ibòmíràn, ó ní, kí ni yóò wá fi òun hàn yàtọ̀? Ló bá ní kí wọ́n fi "Pátápátá" kún un. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pè é ní Pátápátá lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú rẹ̀, wọ́n á pe oyè náà já láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí iṣẹ́ ò pọ̀ nígboro.

Ìṣòro kan ṣoṣo tó ní ni pé bí ó bá jókòó, àwọn àlejò máa ń wò ó láti òkè. Ó ní kí wọ́n kan pèpéle sábẹ́ àga òun. Wọ́n kàn án. Oníbàárà kan tún dé tó ga bí òpó iná, Pátápátá ní kí wọ́n kan òmíràn lé e. Bí àlejò gíga ṣe ń wá ni pèpéle ń lékún, títí gílóòbù iná fi ń mú un lórí, tí akọ̀wé rẹ̀ sì ń gun àpótí kó tó lè na bírò sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi akọ̀wé náà hàn yín, torí ẹ ó tún rí i. Ọkùnrin gbọọrọ ni Ọlọ́run dá a, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń tẹ̀ ba kó lè kúrú ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, kò rántí mọ́ bí èèyàn ṣe ń nàró. Bí Pátápátá bá sín, òun ni yóò nu imú. Bí Pátápátá bá ní oòrùn mú, òun ni yóò làágùn.

Lọ́jọ́ kan, Pátápátá kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gé igi, kó lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé àga àti pèpéle rẹ̀ wá láti ọ́fíìsì. Nítorí pé àjà gbọ̀ngàn ga ju ti ọ́fíìsì lọ, ó ní kí wọ́n tún fi pákó díẹ̀ lé e. Wọ́n fi ìkánjú kàn án. Ó gun un, ó dúró lókè, ó wo gbogbo wọn bí ẹni wo oko.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ló wí, "ta ni ó ń ṣọ́ yín?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ni kì í sùn kí ẹ̀yin lè sùn?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni wọ́n dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ bó ṣe ń hanrun lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

"Kí n tó dé ibí, ńṣe ni wọ́n ń ṣubú bí èso. Ìka ń já, ẹ̀yìn ń kán, ojú ń fọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gorí àga yìí, ta ló ṣubú?"

"Kò sí o, sà," ni akọ̀wé wí.

"Ta ni yóò ṣubú lọ́la?"

"A kò rí i, sà."

"Mo wá sọ fún yín lónìí, pẹ̀lú gbogbo agbára tí a gbé lé mi lọ́wọ́, pé ní ilé iṣẹ́ yìí, ìṣubú ti dópin."

Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ kí gbólóhùn náà lè wọ̀ wọ́n lára. Pákó tó wà lókè pátá kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ó yẹ̀. Àga gba apá kan, Pátápátá gba apá kejì, ó sì fi èjìká ọ̀tún gúnlẹ̀ láàárín ìyẹ̀fun igi.

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá ń jẹun lábẹ́ ọ̀gá kì í dúró wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé akọ̀wé ń pàtẹ́wọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀, àtẹ́wọ́ náà sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọ́ bí Pátápátá ṣe ń kérora nísàlẹ̀.

Bàbá agégi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Bàbá yìí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ẹ̀yìn sì ń dùn ún, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí mú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wo ojú ọ̀gá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ ṣubú ni?"

"Ta ló ṣubú?" ni Pátápátá bi í láti ilẹ̀.

"Olùdarí Àgbà Pátápátá kò ṣubú," ni akọ̀wé wí, ó ti sáré dé. "Wọ́n sọ̀kalẹ̀ ni."

"Kíákíá báyẹn?"

"Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í rọra sọ̀kalẹ̀."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìkéde ti jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ náà "ṣubú" sẹ́nu nínú ọgbà ilé iṣẹ́ yóò jìyà. Àwọn èèyàn gbìyànjú. Ẹni tó ń kun àga, tí agolo ọ̀dà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kígbe pé, "Ẹ yàgò o, agolo mi ń sọ̀kalẹ̀," nígbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì fi máa yé ẹni tó wà nísàlẹ̀, orí onítọ̀hún ti pọ́n bí àga.

Ṣùgbọ́n èjìká kò ka ìkéde. Ní ilé ìwòsàn, oníṣègùn eegun ní iṣan tó di èjìká náà mú ti ya. Iṣẹ́ abẹ ló lè tún un ṣe, bí wọn kò bá sì ṣe é, ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò tún ní ga ju ìdodo lọ láéláé. Ìgbìmọ̀ tó ni ilé iṣẹ́ ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ sinmi sílé, àga rẹ̀ yóò dúró dè é. Iṣẹ́ abẹ náà wọ́n, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò san án, bí dókítà tiwọn bá yẹ̀ ẹ́ wò tó sì jẹ́rìí sí i pé ẹnu iṣẹ́ ló ti fara pa. Ẹ ti rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Gbogbo ohun tí Pátápátá ní láti ṣe láyé kí ọwọ́ má bàa rọ, kí àga má sì bọ́, kò ju pé kó jókòó síwájú dókítà kan kó sọ pé, "Mo ṣubú, ó sì ń dùn mí."

Bí ó bá jẹ́ èmi tàbí ẹ̀yin ni, à bá ti sọ ọ́ ká tó jókòó.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Pátápátá fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín pé kò sẹ́ni tó ń fara pa lábẹ́ òun. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá fẹ́ lọ rí dókítà adójútòfò, ọ́fíìsì Pátápátá ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́ ọ bí yóò ṣe dáhùn. Akọ̀wé á ní, "Ara ńkọ́?" Òṣìṣẹ́ á ní, "Ara le, a dúpẹ́." Akọ̀wé á ní, "Ẹ̀yìn ńkọ́?" Òṣìṣẹ́ á ní, "Ẹ̀yìn náà ń kí yín." Wọn á tún un ṣe títí yóò fi dán. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ bàbá agégi nígbà tí ìtì igi wó lù ú. Ó lọ, ó sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ, adójútòfò ní kò sí ohun tó ṣe é, ó sì padà wá máa gbé igi.

Ìyàwó Pátápátá kì í ṣe ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó ṣòro láti tọ́jú tó ọmọ tí ara ń ro tó ń ní òun ò ṣe nǹkan kan. Òun ló ń ki ọwọ́ ọkọ rẹ̀ bọ ẹ̀wù, ó sì rí bó ṣe ń ṣẹ́ eyín pọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà, ó mú un jókòó sí pálọ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Èmi ni dókítà. Ẹ káàárọ̀, sà. Ara ńkọ́?"

"Ara le, a dúpẹ́."

"Ó ti bàjẹ́."

"Kí ló bàjẹ́? Ẹni tó kí mi, kí n máa bú u ni?"

"Kò kí yín. Ó ń bi yín léèrè ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀? Kí n wá la ẹnu mi sọ pé ara mi ò le, kí Ọlọ́run gbọ́ kó ní òun gbà bẹ́ẹ̀?"

"Ọlọ́run ti gbọ́ nípa èjìká yín. Dókítà ni ò tíì gbọ́."

Akọ̀wé, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú fáìlì lórí itan, wú ikọ́. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹni ńlá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìrora. Mo lè máa bá wọn sọ ọ́."

"Ìwọ ni yóò máa bá wọn ní ìrora?"

"Iṣẹ́ mi ni, mà."

"Jẹ́ kó gbìyànjú," ni Pátápátá wí.

Ìyàwó dìde, ó na ọwọ́ sí èjìká ọkọ rẹ̀. Kó tó kàn án, akọ̀wé ti fò sókè: "Yéè. Mo kú o. Ẹ gbà mí o."

Pátápátá wò ó. "Ariwo yẹn ti ju bó ṣe ń dùn mí lọ."

"Màá dín in kù, sà."

"Fi ọlá díẹ̀ sí i. Má ké bí ẹni tí ajá bù jẹ."

"Yéè," ni akọ̀wé wí, pẹ̀lú ọlá.

"Bọ́ síta," ni ìyàwó wí fún un, ó sì bọ́ síta. Ìyàwó fa àga tirẹ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè. Ibi tó bá ti dùn yín, ẹ dúró, kí ẹ ní, 'Ó ń dùn mí.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó gbé e díẹ̀. Ojú rẹ̀ yí. "Ó jọ pé ibì kan wà ní agbègbè èjìká," ló wí, "tí kò fara mọ́ ìlànà."

"Bí ọmọ kíláàsì mi bá sọ̀rọ̀ báyìí, màá rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n."

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Ẹ sọ òtítọ́. Kò sẹ́lòmíì nínú yàrá yìí. Èmi tí mo ń wẹ̀ yín láràárọ̀, kí lẹ fẹ́ fi pa mọ́ fún mi?"

Pátápátá wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jọ ohùn ẹlòmíràn. "Ó ń dùn mí, Ìyá àwọn ọmọ. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá báyìí ni yóò ṣe wà."

Ìyàwó di ọwọ́ tó dára mú. "Ẹ sọ ọ́ bẹ́yẹn lọ́la. Bẹ́yẹn gẹ́lẹ́."

Ká ní ìtàn yìí parí síbí, èmi náà ì bá fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́.

Ọ́fíìsì dókítà adójútòfò wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bàtà ṣe, òórùn gúlúù sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níbi tí wọ́n ti ń dúró. Pákó pẹlẹbẹ lásán ni wọ́n fi gé ibẹ̀ kúrò lára yàrá dókítà, bí èèyàn bá sì họ ara nínú lọ́hùn-ún, ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì á gbọ́. Ta ni Pátápátá rí lórí bẹ́ǹṣì náà? Bàbá agégi ni, ó fi ògiri ti ẹ̀yìn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin náà wá rí dókítà?"

"Èmi? Mo wá bẹ ibi iṣẹ́ wọn wò ni."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ojú lé e.

"Ẹni tó kàn," ni ohùn kan pè láti inú. Kò pe oyè kankan. Pátápátá dúró kí wọ́n pe oyè náà. "Ẹni tó kàn," ni ohùn náà tún wí. Ó wọlé, akọ̀wé tẹ̀ lé e.

Obìnrin ni dókítà náà, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Àpótí kékeré kan ló wà fún ẹni tó bá wá. Pátápátá wo àpótí náà bí ẹni wo ọ̀tá, ó jókòó. Ó pẹ́ tí kò ti súnmọ́ ilẹ̀ tó báyẹn, bí a bá yọ ọjọ́ kan kúrò.

"Ẹni tí ẹ ń wò yìí," ni akọ̀wé bẹ̀rẹ̀, "ni Olùdarí Àgbà Pátápátá, òpó tó gbé ilé iṣẹ́ àga dúró, ẹni tó ń ronú kí àwa lè . . ."

"Ẹ̀yin lẹ fara pa?"

"Rárá o, Dókítà. Èmi ni ẹnu wọn."

"Kì í ṣe ẹnu ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ lọ jókòó síta." Ó dúró títí ilẹ̀kùn fi padé. "Sà, ara ńkọ́?"

Pátápátá rántí ẹ̀kọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó rántí. Ó la ẹnu, ó ní, "Ara . . ." Lẹ́yìn pákó, bẹ́ǹṣì dún kẹ̀ẹ̀. Bàbá agégi wú ikọ́.

"Ara le, a dúpẹ́."

"Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ẹ ṣubú lẹ́nu iṣẹ́."

"Wọn ò ṣubú o," ni ohùn akọ̀wé wí láti orí bẹ́ǹṣì.

"Mi ò ṣubú," ni Pátápátá wí. "Mo sọ̀kalẹ̀ ni."

"Ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀?"

"Ta ló lè sọ̀ mí kalẹ̀ bí mi ò bá fẹ́?"

Dókítà kọ ọ́. "Láti ìgbà tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀, kí ni ẹ ò lè ṣe mọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ bi ìyá yín àgbà ní irú ìbéèrè yìí kí ẹ wò ó. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún, oorun á sì ti gbé yín lọ kó tó dé ojú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi Pátápátá ní ohun tí kò lè ṣe rí láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá. Ìbéèrè náà wọ̀ ọ́ lára bí èébú.

"Kò sí ohun tí mi ò lè ṣe."

"Ẹ lè gbé ẹrù?"

"Gbogbo ilé iṣẹ́ ni mo gbé."

"Igi ni mo ń wí, sà."

"Igi dà?"

Dókítà tún kọ ọ́. "Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè fún mi."

"Ọmọ iléèwé ló ń na ọwọ́ sókè."

"Kí n lè rí ibi tó lè dé ni."

Pátápátá kò mira. Òógùn ti ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀, nítorí àpótí náà kò ní ẹ̀yìn, èjìká sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sà, mo rí bí ẹ ṣe ń làágùn. Ohun tí mo bá rí àti ohun tí ẹ bá sọ ni mo lè kọ. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, èmi nìkan ni màá gbọ́. Ṣé ẹ ò lè gbé e ni, àbí ẹ ò fẹ́ gbé e?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ó wo pákó. Kò sẹ́ni tó ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń gbọ́.

"Mi ò fẹ́," ló wí, ó sì sọ ọ́ sókè tó fi dé òpin bẹ́ǹṣì.

Nígbà tó jáde, ìyàwó rẹ̀ kò béèrè ohun tó sọ, torí ó ti gbọ́ ọ. Bàbá agégi ló kàn. Ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ ní ìdí, wọ́n sì gbọ́ bí dókítà ṣe ní, "Bàbá, ara ńkọ́?"

"Ara ò le rárá, Dókítà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá, wọ́n kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi."

Ó sì sọ tirẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Pátápátá fi ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ.

"Ẹ ṣáà gbọ́ bí ó ṣe rọrùn tó," ni ìyàwó rẹ̀ wí lórí àtẹ̀gùn.

"Òun lè sọ ọ́. Kí ló ní tó fẹ́ pàdánù?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀," ni ìyàwó wí.

Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ fi ránṣẹ́ pè é. Alága wọn, ìyá àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, fi ìgò ojú sójú. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ jókòó yí tábìlì ká, akọ̀wé wà ní igun tó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Olùdarí," ni Alága wí, "adójútòfò ní àwọn ò san nǹkan kan. Wọ́n ní o sọ pé o ò ṣubú. Wọ́n ní o sọ pé kò sí ohun tí o ò lè ṣe. Wọ́n ní o lè gbé igi."

"Wọ́n ṣàpèjúwe mi dáadáa, mà."

"Kí lo wá ń ṣe nílé láti ọjọ́ yìí?"

"Mò ń ronú nípa ọjọ́ iwájú ilé iṣẹ́ yìí, mà."

"A ní àga níbí tí èèyàn lè jókòó lé lórí ronú. Àga là ń tà." Ó yọ ìgò ojú. "Ọmọ mi, mo ti dàgbà. Mi ò ní agbára àwọ̀n tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ hun. Yálà o tàn wá pé o ń ṣàìsàn, tàbí o tan dókítà pé ara rẹ le. Bó bá jẹ́ dókítà lo tàn, sọ fún mi. Èmi fúnra mi á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún yẹ̀ ọ́ wò. Ṣé èjìká yẹn ń dùn ọ́?"

Pátápátá wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo akọ̀wé, tí bírò rẹ̀ ń dúró dè é.

"Ẹ̀yin Alága wa ọ̀wọ́n, èjìká tó gbé irú ẹrù tí tèmi gbé kì í mọ ìrora."

"Ó dáa. A ó dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò, kó na ọwọ́." Àwọn kan na ọwọ́. "Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró." Iye kan náà ló na ọwọ́. Alága kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. "Ó ṣe déédéé. Olùdarí, ìwọ náà ní ìbò. Tìẹ nìkan ló kù. Na ọwọ́ rẹ, kí oníkálukú lè máa lọ sílé rẹ̀."

Ẹ wo bí àánú ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ló kù kó ṣí.

Ọwọ́ ọ̀tún gbéra. Ó dé bẹ́líìtì. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Lábẹ́ tábìlì, ọwọ́ òsì wá, ó ki àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ ìgúnpá ọ̀tún, ó ń tì í. Ọ̀tún dé bọ́tìnnì ẹ̀wù. Iṣan ọrùn Pátápátá yọ gbandi. Ọwọ́ náà padà sí bẹ́líìtì.

"Na òsì," ni ọkùnrin tó jókòó tì í sọ sí i létí. "Ọwọ́ lọwọ́ ń jẹ́."

"Kí wọ́n wá ní ọ̀tún mi ńkọ́?"

"Ọ̀tún rẹ wá dà?"

Akọ̀wé ti dìde ní igun, ó ń tẹ̀ ba bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti nà láti wá bá ọ̀gá gbé e.

"Padà síbi tí o wà," ni Alága wí. "Wọn kì í bá èèyàn gbé ìbò." Ó yíjú sí Pátápátá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, bí ìyá tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lójú àlejò. "Ṣé o ò lè gbé e ni, àbí o ò fẹ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́ láti ibi tí mo wà. Ẹ̀yin náà ì bá bẹ̀ ẹ́.

Pátápátá nàró lórí àga. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún sórí itan bí ẹni tẹ́ aṣọ.

"Mi ò fẹ́," ló wí.

"Kọ ọ́," ni Alága sọ fún akọ̀wé, "pé Olùdarí kò fẹ́ dúró."

Akọ̀wé kọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó nàró, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún kọ́ọ̀kọ́, gbogbo wọn sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ọkùnrin náà ga.

Adójútòfò ti san owó ẹ̀yìn bàbá agégi, bàbá náà sì ti ń sùn ní ìhà tó bá wù ú. Pátápátá kò ní ọkọ̀ ilé iṣẹ́ mọ́, nítorí náà, bí ẹ bá lọ sí ibùdókọ̀ ní òwúrọ̀, ẹ ó rí i lórí ìlà, ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má kí i. Ní àná, obìnrin kan tó gbé àpò ìwé dání kò mọ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà, ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Dáadáa kẹ̀?" ni Pátápátá wí. "Mi ò fojú kan oorun. Èjìká ni. Mo ṣubú níbi iṣẹ́, mo ṣubú gidi ni, láti òkè, ibí yìí ni mo fi balẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ó ń gba apá wá sí ìka yìí, tó bá di ìdájí á tún padà sí ọrùn. Mi ò lè na ọwọ́ mú nǹkan, mi ò lè ya irun, mi ò lè gbé ife dé ẹnu . . ."

Ọkọ̀ dé. Obìnrin náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," ó wọlé. Pátápátá yíjú sí ẹni tó tẹ̀ lé e.